Ìwé Mẹ́ta lórí Àwọn Ọmọ Íńdíà tí wọ́n Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Ọba

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà ìparí iṣẹ́ tán, ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa tí ó ga jù lọ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, bí mo bá rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà láti lọ sí òkè òkun nígbà tí n kò tíì wọ yunifásítì, ṣé kí n lọ ni, tàbí kí n kọ́kọ́ dàgbà ná?" Mo fẹ́ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Bí mo bá ní kí ó lọ, ta ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀? Bí mo bá sì ní kí ó dúró, ta ni ó fi mí ṣe adènà fún orí ọmọ ọlọ́mọ? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo lọ sí ìdí àwọn ìwé mi, mo sì kó mẹ́ta sọ̀kalẹ̀, tí àwọn ọmọ Íńdíà tí wọ́n ti rin irú ìrìn náà ṣáájú kọ nípa ara wọn. Ohun tí mo rí nínú wọn ni mo fẹ́ gbé síwájú ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, kí a lè jùmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwé kìíní ni ti Prafulla Chandra Ray, tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1932, tí a sì ń pè ní Life and Experiences of a Bengali Chemist. Èkejì ni ìtàn ayé Mohandas Karamchand Gandhi. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ọ́ ní Gujarati, èdè ìyá rẹ̀, tí a sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Navajivan, láti 1925 títí di 1929. Ẹ̀kẹta ni India Calling, tí Cornelia Sorabji tẹ̀ jáde ní 1934. Ìdí tí mo fi mú àwọn mẹ́ta wọ̀nyí pọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan olúkúlùkù wọn, ṣùgbọ́n kò kàn wọ́n bákan náà. Ọ̀kan dù ú, ó sì rí i gbà. Ọ̀kan tọrọ rẹ̀, a kò sì fún un. Ẹ̀kẹta jẹ ẹ́ ní ẹ̀tọ́, a sì fi í dù ú nítorí pé obìnrin ni. Ẹni tí ó bá ka ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn yóò rò pé òun ti mọ ohun tí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò mọ̀ pé òun kò tíì mọ̀ ọ́n.

Kí a tó wọ inú ìwé náà, ó yẹ kí a rántí irú ayé tí àwọn wọ̀nyí wà. Íńdíà wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì títí di 1947. Ọ̀nà sí iṣẹ́ tí ó ga jù lọ nínú ìjọba wọn gba London kọjá, nítorí pé títí di 1922, London nìkan ni a ti ń ṣe ìdánwò tí a fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ àgbà. Nítorí náà, ọmọ ilé tí ó bá fẹ́ di ènìyàn pàtàkì ní ilé, ó ní láti kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀. Bàbá ọlọ́rọ̀ lè rán ọmọ rẹ̀ lọ. Ọmọ tálákà, tàbí ọmọ ẹni tí ọrọ̀ ti ń fò lọ mọ́ lọ́wọ́, kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó fi orí rẹ̀ ra ọ̀nà náà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kan wà nínú owó tí John Borthwick Gilchrist fi sílẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì ni. Ó ti kọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní èdè Hindustani nígbà ayé rẹ̀, ó sì kú ní 1841. Láti inú owó yìí ni a ti ń fún àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà tí wọ́n bá borí nínú ìdánwò ní ànfààní láti lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Skọ́tílándì.

Ray ni ó gba èyí. A bí i ní 1861 ní abúlé Raruli, tí ó wà ní ilẹ̀ Bangladesh lónìí. Bàbá rẹ̀ ní yàrá ìwé, ó sì ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà ń dín kù lọ́dọọdún. Nígbà tí Ray wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Kàlìkọ́tà, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un ní 1874, ó sì pa á tì sílé fún ìgbà pípẹ́. Ẹlòmíràn ìbá pe èyí ní ìparun ẹ̀kọ́. Nínú ìwé Ray, ojú ìwé tí ó dùn jù lọ ni ibi tí ó gbé sọ bí ọmọ aláìlera náà ṣe wọ inú yàrá ìwé bàbá rẹ̀ lọ, tí ó ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà, tí ó sì ń fi ara rẹ̀ kọ́ èdè Látìnì àti Faransé láìsí olùkọ́. Kò mọ̀ nígbà náà pé ìdánwò Gilchrist ń bọ̀ wá béèrè àwọn èdè wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀. Àìsàn tí ó dá a dúró ni ó fún un ní ohun tí àwọn tí ara wọn le kò ní.

Ìkọ̀kọ̀ ni ó ti múra ìdánwò náà sílẹ̀. Ìtìjú wà nínú rẹ̀, nítorí kò sí lára àwọn tí àwọn olùkọ́ kà sí ọmọ tí yóò yọrí. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ sí etí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní 1882, èsì jáde: òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin Parsi kan láti Bombay ni wọ́n gbà á. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kíyèsí ibí yìí dáadáa, nítorí Ray kò ṣe ìgbéraga nípa rẹ̀. Kò sọ fún wa pé òun gbọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ó sọ fún wa bí ìwé kíkà láìsí ìdánwò níwájú ṣe di ohun èlò nígbà tí ìdánwò dé. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kíkàwé àti kíkọ́ ìdáhùn sórí, apá ìwé yìí yóò ṣe é ju ìwàásù lọ.

Edinburgh ni ó lọ. Ó kọ́ kẹ́mísírì níbẹ̀, ó gba oyè B.Sc. ní 1885, ó sì gba D.Sc. ní 1887. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà sí òpó ìwé náà kì í ṣe oyè wọ̀nyí. Ní 1885, yunifásítì náà kéde ìdíje lórí bí Íńdíà ti rí ṣáájú àti lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1857. Ray pa ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ tì fún ìgbà díẹ̀, ó ka ohun tí ó lè rí nípa ìtàn àti owó ìlú, ó sì kọ àròkọ tí kò pọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lé. Kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n ó tẹ àròkọ náà jáde fúnra rẹ̀. Ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: ọmọkùnrin tí owó Òyìnbó gbé wá, tí ó wà láàrin àwọn Òyìnbó, tí ó sì lè nílò ìwé ẹ̀rí wọn ní ọ̀la, ni ó jókòó tí ó kọ ohun tí ó rí. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ray jẹ́ iṣẹ́ náà bí ọmọ.

Èrè rẹ̀ nígbà tí ó padà dé ní 1888 ni pé ó jókòó fún nǹkan bí ọdún kan láìríṣẹ́, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jagadish Chandra Bose sì gbà á sílé. Ní 1889, a fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ ní Presidency College ní rúpìì 250 lóṣù, ní ìpele tí ó wà nísàlẹ̀ ìpele tí a fi pamọ́ fún àwọn Òyìnbó. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ti ṣí ilẹ̀kùn Edinburgh fún un, ṣùgbọ́n kò ṣí ti Kàlìkọ́tà tán.

Àbùkù wo ni ó wà nínú ìwé yìí? Ó wà, ó sì tóbi. Ray kò mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Bí a bá ti kọjá apá kìíní, ìtàn ayé rẹ̀ di àkójọ àròkọ lórí iṣẹ́ ọwọ́, lórí òwò, lórí àléébù yunifásítì, lórí pínpín ènìyàn sí ìran gíga àti ìran kékeré. Ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti ń bá rìn láti Raruli ti sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ láàrin àwọn iye àti àkọsílẹ̀. Òǹkọ̀wé náà tijú láti máa sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìlú bo ojú. Ìwà rere ni ìtìjú, ṣùgbọ́n ó lè ba ìwé jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ́dọ̀ Gandhi. Ní 1888, ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó ti gbéyàwó, ó ti bímọ, ó sì ti kùnà láti tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bhavnagar ní sáà kan ṣoṣo tí ó lò níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìdílé wọn kan ní kí a rán an lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Owó ńkọ́? A ronú pé ìjọba Porbandar, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ṣe olóyè nígbà kan, lè ràn án lọ́wọ́. Òyìnbó kan tí a ń pè ní Lely ni ó ń ṣe àkóso ìlú náà. Gandhi gun kẹ̀kẹ́ màlúù, ó sì gun ràkúnmí fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀ kí ó lè dé kíákíá. Ó ti há ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí. Ó tẹrí ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì kí i. Òyìnbó náà ń gun àtẹ̀gùn lọ lọ́wọ́. Ó dá a lóhùn ní kúkúrú pé kí ó lọ gba oyè B.A. ná kí ó tó wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ sókè.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè ọmọkùnrin inú kíláàsì mi gan-an nìyí: ṣé kí ọmọ lọ kí ó tó wọ yunifásítì, tàbí lẹ́yìn rẹ̀? Lely ti dáhùn tirẹ̀, kò sì wo ojú ọmọ náà kí ó tó dáhùn. Kì í ṣe pé ìdáhùn náà burú. Ìlànà sì lè wà fún un. Ṣùgbọ́n Gandhi kọ ìtàn náà lọ́nà tí a fi mọ̀ pé ìkánjú ni ó dun ọmọ náà ju ìkọ̀sílẹ̀ lọ. Mo tijú nígbà tí mo kà á, nítorí mo rántí iye ìgbà tí èmi náà ti dá ọmọ lóhùn láti orí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó wá owó náà nígbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lọ títí ó fi jẹ́jẹ̀ẹ́ mẹ́ta níwájú ẹlẹ́sìn kan: pé òun kò ní fọwọ́ kan ọtí, pé òun kò ní súnmọ́ obìnrin, pé òun kò ní jẹ ẹran. Àwọn ìran tirẹ̀ ní Bombay sì pè é sí ìpàdé, wọ́n ní kí ó má ṣe rékọjá òkun. Nígbà tí ó kọ̀, wọ́n yọ ọ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ràn án lọ́wọ́ tàbí tí ó bá sìn ín dé etí òkun yóò san ìtanràn rúpìì kan àti ánà mẹ́rin. Ní ọjọ́ 4 oṣù September, 1888, ó wọ ọkọ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó mú kí n gbé ìwé yìí ga ju àwọn yòókù lọ. Gandhi sọ òtítọ́ tí ń kó ìtìjú bá ẹni. Ó sọ bí òun ṣe wọ aṣọ funfun sọ̀kalẹ̀ ní èbúté nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí ó wọ irú rẹ̀. Ó sọ bí òun ṣe ra àkẹtẹ̀ gíga ti àwọn ọlọ́lá, bí òun ṣe san owó láti kọ́ ijó, tí ẹsẹ̀ òun kò sì bá ìlù mu. Bí òun ṣe ra gòjé Òyìnbó kí etí òun lè mọ orin wọn. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ojú òun tó là. Ó sọ bí òun ṣe ṣubú nínú Látìnì nígbà tí òun kọ́kọ́ ṣe ìdánwò mátíríkù ti London, ìyẹn ìdánwò tí ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì, tí òun sì tún un ṣe kí òun tó yege. Èyí tí ó wá le jù ni pé ó purọ́ fún àwọn ará ibẹ̀ pé òun kò tíì gbéyàwó, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀dọ́ Íńdíà mìíràn ti ń ṣe, títí ọkàn rẹ̀ fi gún un, tí ó fi kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà kan tí ń ṣe é lóore láti jẹ́wọ́ pé òun ní aya, òun sì ní ọmọkùnrin kan.

Ǹjẹ́ ìwé tí àwọn ará wa tí ó ti òkè òkun dé ń kọ máa ń sọ irú èyí bí? Èyí tí mo ti kà nínú wọn máa ń sọ nípa yìnyín, nípa ilé gíga, nípa ọjọ́ tí a fi oyè dé ni lórí. Kò sí ẹni tí ó ń sọ nípa ọjọ́ tí ó purọ́. Gandhi fi hàn pé ewu tí ó wà nínú rírán ọmọ lọ ní kékeré kì í ṣe pé yóò kùnà ìdánwò, bí kò ṣe pé yóò fẹ́ láti di ẹlòmíràn, kò sì ní sí àgbàlagbà kan nítòsí tí yóò rí i. Ohun tí ó gbà á là ni ìwé kékeré kan tí ó ń kọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ sí, ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn dípò kí ó wọkọ̀, àti ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún ìyá rẹ̀.

Síbẹ̀ ìwé Gandhi ní àbùkù tirẹ̀. Ó máa ń yára fa ẹ̀kọ́ yọ láti inú ohun gbogbo, bí ẹni pé a gbé ayé rẹ̀ kalẹ̀ kí ó lè rí nǹkan fi kọ́ni. Kasturba, aya rẹ̀ tí ó fi sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ fún ọdún mẹ́ta, kò rí ju ìlà díẹ̀ gbà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní London; a kò sọ fún un títí ó fi padà dé ní 1891. Òǹkọ̀wé náà sọ ìbànújẹ́ ara rẹ̀ ní kúkúrú, ó sì kọjá lọ. Mo gbà pé ìkóra-ẹni-níjàánu ni. Ṣùgbọ́n èmi ìbá fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà ń sọ nígbà tí ó ń ṣàìsàn, tí ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà etí òkun.

Ẹ̀kẹta ni Cornelia Sorabji, ẹni tí ó súnmọ́ wa ju àwọn yòókù lọ, nítorí ọmọ ìjọ ni. Bàbá rẹ̀, Sorabji Kharsedji, jẹ́ Parsi tí ó di Kristẹni, tí ó sì bá C.M.S. ṣiṣẹ́ ìyìn rere, C.M.S. kan náà tí ó rán Crowther sí ilẹ̀ wa. Ìyá rẹ̀, Francina, ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Poona. A bí Cornelia ní 1866. Ó kàwé ní Deccan College láàrin àwọn ọkùnrin, nígbà tí ó sì ṣe ìdánwò àṣekágbá, òun ni ó ga jù lọ. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ti ìjọba láti lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí a sì rí i pé obìnrin ni, a kò fún un.

Ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Gujarat College ní Ahmedabad, ó ń kọ́ àwọn ọkùnrin. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀rẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Florence Nightingale wà lára wọn, dá owó jọ fún un, ó sì lọ sí Somerville ní Oxford ní 1889. Ó kọ́ òfin. Ní 1892, a ṣe àyè pàtàkì fún un láti jókòó fún ìdánwò B.C.L., èyí tí obìnrin kankan kò ṣe rí níbẹ̀. Ó yege, ṣùgbọ́n a kò fi oyè náà fún un títí di 1922. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi dúró de ohun tí ó ti jẹ́ tirẹ̀. Nínú ọdún wọ̀nyí, ó di agbani-nímọ̀ràn òfin ní Bengal láti 1904, fún àwọn obìnrin tí wọ́n wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí ọkùnrin kò gbọdọ̀ rí, tí àwọn ènìyàn sì ń jẹ ogún wọn gbé nítorí pé wọn kò lè dé ilé ẹjọ́.

Nínú gbogbo ìwé mẹ́ta, tirẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n kọ jù. Bí ó bá ya àwòrán ilé ìyálóde kan tàbí obìnrin ẹlẹ́hàá kan fún wa, a rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé orí ìwà àìtọ́ tí a hù sí i lórí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ náà, ẹ̀fẹ̀ ni ó fi sọ ọ́, bí ẹni pé òun ni ó ṣe àfojúdi láti jẹ́ obìnrin. Ẹ̀fẹ̀ náà mú, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé ó fi ẹ̀rín ti ilẹ̀kùn ni. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin tí ó tẹ̀lé e, tí kò ní ọ̀rẹ́ ní London. Sorabji fẹ́ràn àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè bá ìjọba wọn wí. Ó sì lòdì sí Gandhi àti àwọn tí ń béèrè òmìnira. Èrò rẹ̀ ni, ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Inúure tí ó rí gbà kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í wé Ray. Ray gba owó náà, ó sì lè bá olówó wí; Sorabji rí àìṣòdodo, ọpẹ́ sì di í lẹ́nu. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀bùn lè di ẹ̀wọ̀n láìjẹ́ pé ẹni tí ó fúnni ní ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ibì kan wà tí méjì nínú ìwé wọ̀nyí ti pàdé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi ọwọ́ sí jù lọ. Gandhi sọ pé nígbà tí òun wà ní ilé Gokhale ní Kàlìkọ́tà, lẹ́yìn ìpàdé Congress ti 1901, a fi òun mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń gba rúpìì 800 lóṣù, tí ó ń mú 40 péré fún ara rẹ̀, tí ó sì ń fi ìyókù fún iṣẹ́ ìlú. Kò gbéyàwó, kò sì fẹ́ gbé e. Ray ni. Ọmọ Gilchrist tí ó padà wá sí rúpìì 250 nìyí. Gbólóhùn díẹ̀ yìí láti ọwọ́ Gandhi sọ fún wa ohun tí ọ̀pọ̀ orí nínú ìwé Ray kò sọ, nítorí pé Ray kò lè sọ ọ́ nípa ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ka ìwé, kí ó fi èyí hàn án: nígbà mìíràn, inú ìwé ẹlòmíràn ni òtítọ́ ìwé kan wà.

Ó kù síbẹ̀ tí ẹnì kan lè bá mi jiyàn pé, "Ènìyàn ńlá ni àwọn wọ̀nyí. Níbo ni ìwé àwọn tí wọ́n lọ, tí wọn kò yege, tàbí tí wọn kò padà wálé?" Àtakò yìí lágbára, n kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Ẹni tí ó kùnà kì í sábà kọ ìwé, ẹni tí ó dúró sílé kì í sì í kọ ọ́. Nítorí náà, bí a bá fi ìwé wọ̀nyí lé ọmọ lọ́wọ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, a ó tàn án jẹ. Ó yẹ kí a sọ fún un pé ìyá Gandhi kò kọ ìwé. Pé Kasturba kò kọ ọ́. Pé àwọn tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ray nínú gbọ̀ngán ìdánwò tí wọn kò gbà á ti padà sílé láìsí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ wọn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Ní àkókò tiwa, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Singapore pẹ̀lú ìjọba ìlú náà ti fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ mú àwọn ọmọ Íńdíà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 16 lọ, láti lọ lo ọdún méjì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó ṣáájú yunifásítì, kí wọ́n lè ṣe ìdánwò A-level. Ọkọ̀ òfurufú ti dípò ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ lè rí ojú ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù ní alaalẹ́, a kò sì ní láti fi ìròyìn ikú pamọ́ fún un títí yóò fi padà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò níbi tí ó wà: ọmọ tí kò tíì mọ irú ẹni tí òun jẹ́ ni a fẹ́ fi sáàrin àwọn tí kò mọ ilé rẹ̀. Ìwé mẹ́ta wọ̀nyí kò tíì gbó.

Ní ìparí, bí olùkọ́ kan bá bi mí pé èwo ni kí òun rà fún ilé-ẹ̀kọ́, èmi yóò ní kí ó kọ́kọ́ ra ti Gandhi, nítorí òtítọ́ rẹ̀, àti nítorí pé èdè ilé rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi kọ ọ́ kí àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè kà á. Ẹ̀kọ́ ńlá sì ni èyí fún àwa tí ń fi èdè wa ṣe iṣẹ́ ìwé. Lẹ́yìn náà, kí ó ka ti Ray títí dé ibi tí ó ti padà sí Kàlìkọ́tà, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn àgbà. Ti Sorabji, kí ó fún àwọn ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n kí ó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá dé ojú ìwé tí ó ti fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ náà ṣe ẹ̀fẹ̀, kí ó sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn ẹ̀rín náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé, ọmọkùnrin náà sì padà wá. Mo ní, "Ọmọ mi, bí o bá rí i gbà, lọ. Ṣùgbọ́n kọ ìnáwó rẹ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Má ṣe jẹ́ kí ọpẹ́ tí o jẹ ẹnikẹ́ni pa òtítọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Bí o bá sì purọ́ nípa ilé rẹ, kọ lẹ́tà jẹ́wọ́ kí ó tó pẹ́." Ó dúró díẹ̀, ó sì bi mí pé, "Tíṣà, bí n kò bá rí i gbà ńkọ́?" Mo rí i pé ìbéèrè tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo nawọ́ ìwé Ray sí i, mo ṣí i sí ibi tí ọmọ aláìsàn gbé wà nínú yàrá ìwé bàbá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣèlérí ohunkóhun fún un. Mo ní kí ó jókòó, kí ó kà á fún mi sókè.